Lẹ́tà sí Àbẹ̀ní, tó ní Ọlọ́run kì í gbọ́ tòun mọ́

Àbẹ̀ní, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì lo wà, pé iṣẹ́ alẹ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, torí mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń dárúkọ ibùdókọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbàdúrà. Ọlọ́run ń gbọ́ tiyín. Èmi ò lẹ́nu àtibá a sọ̀rọ̀ mọ́." Lẹ́yìn náà lo wá ń sọ ti owó ilé àti òtútù, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú yẹn ò tó nǹkan.

Mo ti gbàdúrà fún ọ, mi ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n "Ọlọ́run ń gbọ́ tiyín" yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. O sọ díẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá, ohun tó wà láàárín èmi àti ìwọ yẹn ò sì ní jáde níbí. Nígbà tí mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ pé ṣé mo lè kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, o ní kí n kọ ọ́, pé ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Ó dáa. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ṣé o rántí àárọ̀ nílé wa? Bàbá á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á lu agogo kékeré orí tábìlì yẹn, gbogbo wa á rọ́ wá sí pálọ̀, aṣọ ìbora á ṣì wà lọ́rùn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́kọ́ ṣí ìwé orin. A ó kọ́kọ́ kí wọn ná. Èmi á dọ̀bálẹ̀, ìwọ á kúnlẹ̀, Bàbá á sì máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àkànní." Wọ́n á kì mí. "Àbẹ̀ní." Wọ́n á kì ọ́, wọ́n á mú un dé oríkì orílẹ̀ wa, orí wa á máa wú lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó tọrọ owó ìwé. Kò tíì sí ẹni tó jẹ́wọ́ ohunkóhun. A ò tíì sọ ju "ẹ káàárọ̀, sà" lọ, wọ́n sì ti sọ ẹni tá a jẹ́ fún wa.

O á rántí àárọ̀ ọjọ́ tí gíláàsì àtùpà fọ́. Ìwọ lo fọ́ ọ lálẹ́, o sì kó àfọ́kù rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí agogo dún, o ò jáde. Bàbá ò ṣí ìwé. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ní, "Àbẹ̀ní dà?" A dúró títí. O jáde, o sì kúnlẹ̀ sọ́nà jíjìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo rò pé wọn ò ní kì ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kì ọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kì ọ́ gan-an ni, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Oríkì náà ò tíì parí tó o fi bú sẹ́kún, ìwọ fúnra rẹ lo wá sọ ọ̀rọ̀ gíláàsì. Wọ́n bá ọ wí lẹ́yìn àdúrà, mo mọ̀, ìbáwí náà sì dùn ọ́. Àmọ́ kíkì ló ṣáájú.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa àdúrà. Ó kàn jẹ́ pé ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé mo ti kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí, torí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá dùbúlẹ̀, mo gba àwẹ̀ ọjọ́ 21. Mò ń fi bírò fa ìlà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́. Mò ń lọ sí ìsọ́ òru gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àwẹ̀ ò burú, ìsọ́ òru ò burú. Mo ṣì ń ṣe méjèèjì. Ìṣirò inú mi ló burú. Ǹjẹ́ o rántí ohun tí ìyá àgbà sọ fún wa nípa ìwọ̀fà? Ẹbí á yá owó, wọ́n á fi ọmọ kan dúró sọ́dọ̀ olówó, ọmọ náà á sì máa lọ sóko olówó láti òwúrọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í sì í dín gbèsè náà kù. Èlé ni iṣẹ́ yẹn. Kó fi ogún ọdún kọ ebè, odindi owó tí wọ́n yá ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Àdúrà ìwọ̀fà ni mo gbà fún ọjọ́ 21 yẹn, Àbẹ̀ní. Mò ń ro oko lórí eékún mi.

Bàbá sì kú. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ rò? Pé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún mo mu tíì lọ́sàn-án, kí àsìkò ìṣínu tó pé. Ọkàn mi sọ fún mi pé tíì yẹn ló pa Bàbá. Odindi oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni mi ò fi gbàdúrà. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú ìjọ, mo tiẹ̀ ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Tí mo bá délé, tí mo kúnlẹ̀, ẹnu mi á wúwo bí òkúta. Mo mọ ohun tó ò ń sọ, nígbà tó o ní o ò lẹ́nu àtibá a sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí a ń pín ẹrù Bàbá, Bíbélì wọn ló kàn mí, èyí tí wọ́n fi àkọtọ́ àtijọ́ tẹ̀. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ kan láìní ìdí. Ìwé Róòmù orí kẹjọ ló ṣí sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ìwé náà ti ṣẹ́. Bàbá ti fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sábẹ́ ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti sọ fáwọn ará Róòmù pé ẹ̀mí tí wọ́n gbà kì í ṣe ẹ̀mí ẹrú, tí wọ́n á tún fi máa bẹ̀rù, ẹ̀mí ìsọdọmọ ni, òun la sì fi ń ké pé, "Abba, Baba." Mo ti gbọ́ ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà. Àmọ́ lóru yẹn mo ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ wá èdè Yorùbá fún un.

Àjàyí ni. Ọmọ Òṣoògùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn. Lọ́dún 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú wọn, wọ́n so okùn mọ́ òun àti ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ta á, wọ́n tún un tà. Wọ́n tiẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun gbìyànjú láti fi ọ̀já ara òun pa ara òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó wọn sí dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Lọ́dún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó di Samuel Àjàyí Crowther. Ọkùnrin yìí ló wá jókòó ti Ìwé Róòmù tó fi dé orí kẹjọ, ó sì fi í léde ní Yorùbá lọ́dún 1850.

Rò ó wò. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé "ẹrú" fún un. Ó mọ bí okùn ṣe ń rí lọ́rùn. Ó mọ iye tí ọjà ń pe òun. Òun ló sì fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, ní èdè ìyá tó bí i, pé ẹ kò gba ẹ̀mí ẹrú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ìyá Àjàyí ò kúkú gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1846 ni wọ́n tó fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n ri ìyá náà bọmi lọ́dún 1848, Hánà ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Mo jókòó ti ẹsẹ yẹn títí iná fi lọ. Mo rí i pé n kò tíì gba àdúrà kan ṣoṣo látọjọ́ tí Bàbá ti ń ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Bí ẹni tí wọ́n fi dúró nídìí owó ni mo ń gbà á.

Ìyẹn ni mo fẹ́ bi ọ́. Nígbà tó o ní o ò lẹ́nu àtibá a sọ̀rọ̀, irú ẹnu wo lò ń wá? Ṣé ẹnu ẹni tí kò jẹ gbèsè? Ta ló ní in? Èmi ò ní in. Ẹnu ọmọ yàtọ̀. Ọmọ lè dákẹ́, ó lè ṣẹ̀, ó lè sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí gíláàsì, kò ní torí ẹ̀ di ọmọ ẹlòmíì.

Lọ ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún, kó o sì fara balẹ̀ wo ibì kan tí a máa ń sáré kọjá. Níbi tó ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Mẹ́ta ni: mo ti ṣẹ̀, n kò yẹ lẹ́ni tá a lè pè ní ọmọ rẹ mọ́, fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ. Ó há a sórí. Ó ń kà á bọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, bàbá ti sáré pàdé rẹ̀, ó ti rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ti fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ ìkíní, ó sọ ìkejì. Kò sọ ìkẹta. Lúùkù ò jẹ́ kó débẹ̀. Bàbá ti ń pe àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé aṣọ wá. Ó jẹ́ kó jẹ́wọ́; kò pa á lẹ́nu mọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ alágbàṣe yẹn, kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Àbẹ̀ní, ìkẹta yẹn ni ìwọ ń sọ láti oṣù tó kọjá. O ti jẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Kí ló kù tí o tún ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ alágbàṣe?

O tún sọ pé ọ̀rọ̀ kì í wá. Pé tó o bá dé láti ibi iṣẹ́, lẹ́yìn tó o ti gbé àwọn arúgbó láti alẹ́ dòwúrọ̀, o máa ń kúnlẹ̀, oorun á gbé ọ, tàbí omijé. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o ò sí nílé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá lò kẹ́yìn, ẹnu wọn ti yí, ọ̀rọ̀ ò yọ mọ́. Síbẹ̀ mò ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n fẹ́ kì mí. Mo rí i lójú wọn. Ohùn kan ń jáde láti ọ̀fun wọn, kò dá ọ̀rọ̀, ó dà bí ìkérora. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìkérora yẹn. "Àkànní" ló wà níbẹ̀, gbogbo oríkì wa ló wà níbẹ̀. Kò sí àlejò tó wọlé tó lè gbọ́ ọ, àmọ́ èmi gbọ́ ọ délẹ̀. Orí kẹjọ ìwé Róòmù yẹn náà, ní ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, sọ pé Ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ń fi irora tí a kò lè fi ẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Bí ọmọ bá lè gbọ́ ìkérora bàbá rẹ̀, ṣé Ọlọ́run ni kò ní gbọ́ tìrẹ?

Hánà inú Bíbélì náà kúkú nìyẹn. Nígbà tó ń gbàdúrà nínú ilé Olúwa, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ohùn rẹ̀ ò jáde. Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Àdúrà yẹn ló bí Sámúẹ́lì, ìyá náà sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Olúwa. Tí ìyá yẹn bá jẹ́ Yorùbá, mo rò pé ì bá fi Àbẹ̀ní kún oríkì ọmọbìnrin tó bí lẹ́yìn rẹ̀. O mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó ní ọ. Lẹ́yìn mi, ọdún mẹ́jọ ni Màmá fi wá ọmọ. Nítorí náà, kó o tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, àdúrà ti wà lórí rẹ. Orúkọ rẹ ni.

Mi ò ní pa irọ́ fún ọ. Jíjẹ́ ọmọ ò ní kí gbogbo ohun tá a bá tọrọ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bàbá kú. Ọ̀rọ̀ "Abba" yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, ẹ̀ẹ̀kan nínú wọn sì jẹ́ láti ẹnu Jésù ní Gẹtisémánì, nínú Máàkù orí kẹrìnlá, nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ kí a mú ago yẹn kúrò lórí òun. A ò mú un kúrò. Ọmọ ni síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "Abba" ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí ìyẹn ni tíì ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń fi àdúrà ọ̀tá ránṣẹ́ sí ọ, o ní ó ń bà ọ́ lẹ́rù ju bó ṣe ń tù ọ́ nínú lọ. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣáájú wa mọ ìpọ́njú. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, inú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde làwọn kan ti kó ara wọn jọ láti gbàdúrà ní tiwọn, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń pe irú wọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní Aládùúrà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló di orúkọ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúrà tí ò ń gbà bá jẹ́ ti ẹni tó wà lẹ́yìn odi, o ò tíì bá Ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí i ná. Ọ̀tá lè dúró.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rò. Ìwọ àti èmi, kò sọ́jọ́ tá a lè sọ "ìwọ" sí Bàbá. Ẹnu wa ò gbà á. "Ẹ" ni, "wọ́n" ni, kódà ní báyìí tí wọ́n ti lọ. Síbẹ̀, láti kékeré, níwájú Bàbá kan náà, a ń sọ fún Ọlọ́run pé "kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ, kí ìjọba rẹ dé." Orúkọ rẹ, kì í ṣe orúkọ yín. Bàbá á wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn náà á máa sọ "rẹ" bíi tàwa. Lásìkò àdúrà yẹn, ọmọ lásán ni gbogbo wa, Bàbá pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe "Baba mi" ni Jésù kọ́ wa. "Baba wa" ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọ bó o ṣe fẹ́. Mo lè kúnlẹ̀ tì ọ́. Mi ò lè jẹ́ ọmọ ní ipò rẹ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ tiyín lò ń wà nínú bọ́ọ̀sì, aago mẹ́sàn-án tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé mi ò ní lọ síbì kankan kí aago mẹ́wàá tó lù. Tó o bá délé, tó o ti bọ́ bàtà, pè mí. Má to ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Mi ò ní gbàdúrà fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, màá kàn wà níbẹ̀. Màá kì ọ́ bí Bàbá ṣe máa ń kì ọ́. Mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀, mo sì ti ń fi í dánra wò láti àná. Tí mo bá ti kì ọ́ tán, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀ "Baba wa."

Èmi ni,
Àkànní, ẹ̀gbọ́n rẹ.